Ẹlẹ́nu-Oyin Lórí Òrùlé

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí kó tó kí ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀, ẹ bá mi wo ojú rẹ̀ dáadáa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ni. Olùdarí Àgbà fún Ìwé Lítíréṣọ̀ ní Gbogbo Ilé Ẹ̀kọ́ Girama ni oyè rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́nu-Oyin ni àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun, lókè oyè tí ìjọba fún un, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi ju ti oyè lọ.

Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ kò le. Kó yan ìwé àtijọ́ tí àwọn ọmọ máa kà, kó ṣètò ìdánwò lórí rẹ̀, kó sì rí i pé ọmọ tí ìwé yé gba máàkì tó tọ́ sí i. Ìyẹn nìkan. Ẹ wá wo bí òwúrọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí. Tí mọ́tò rẹ̀ bá ti wọ ọgbà, dẹ́rẹ́bà á tẹ fèrè mọ́lẹ̀ bí ẹni tí iná ń jó nílé rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì sáré jáde wá tò sórí àtẹ̀gùn, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè pátápátá. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ láìjẹ́ pé orí mọ̀ sí i, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, “Ọ̀gá, ẹ ti dé, ara wá tù wá.” Ẹlẹ́nu-Oyin á dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, á wúkọ́, á bẹ̀rẹ̀ ohun tó ń pè ní ọ̀rọ̀ àárọ̀. Àwọn tó wà lókè kì í gbọ́ nǹkankan. Tí àwọn ti ìsàlẹ̀ bá ti pàtẹ́wọ́, àwọn náà á pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan wà ní yàrá àwọn atẹ̀wé tó ti mọ bí èèyàn ṣe ń sùn lórí ìdúró, tó sì ń pàtẹ́wọ́ lójú oorun. Kò pa àtẹ́wọ́ tirẹ̀ lódì rí.

Kò sí ọ̀rọ̀ àárọ̀ kan tí Ẹlẹ́nu-Oyin máa sọ kó má mẹ́nu ba Ògiri Etí Odò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún yín, torí òun ló gbé ọkùnrin yìí dókè, òun náà ló sì já a sílẹ̀.

Eré oníṣe àtijọ́ ni Ògiri Etí Odò, apá márùn-ún ló ní, kò sì sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò kàn án. Ìlú kan wà létí odò ńlá, àwọn bàbá ńlá wọn ti fi òkúta kọ́ ògiri tí kò jẹ́ kí omi wọlé. Ní apá kejì, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olùdámọ̀ràn bọ́ sí gbangba, ó sì sọ̀rọ̀ fún ará ìlú. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Mi ò ní tàn yín, ó dùn gan-an ni:

“Ẹ̀yin ọmọ àwọn akọni, ta ló sọ fún wa pé odò ṣì ń bínú? Ẹ̀rù ló ń ba àwọn bàbá wa tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Ṣé ẹ̀rù ń ba àwa náà? Ẹ jẹ́ ká fi òkúta yìí kọ́ gbọ̀ngàn tí a ó ti máa gbọ́ ohùn ara wa. Ẹ gbé dígà yín, ẹ lọ wó o. Mo wà lẹ́yìn yín.”

Nígbà tí Ẹlẹ́nu-Oyin wà nílé ẹ̀kọ́, tíṣà rẹ̀ já ojú ìwé yẹn fún un pé kó há a sórí fún ìdíje. Ó há a. Ó gba ipò kìíní. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dì mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn, àwọn òbí ń ná an lówó, inú rẹ̀ dùn débi pé kò tún ṣí ìwé náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ má pè é ní òpùrọ́ o. Ó dá a lójú hán-ún hán-ún pé òun ti ka Ògiri Etí Odò. Tí ẹ bá bi í léèrè lójú oorun, á bú yín.

Bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, Igbákejì sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan, ó ní, “Ọ̀gá, nígbàkúùgbà tí mo bá ti ń ka Olùdámọ̀ràn, ẹ̀yin ni mo máa ń rí.”

Ẹlẹ́nu-Oyin gbé síbí kalẹ̀. “Èmi?”

“Ẹ̀yin gan-an, sà. Bó ṣe ń dúró. Bó ṣe ń gbọ́wọ́ sókè.”

Orí ọkùnrin yìí wú. Ó wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gba ilé lọ, ó sì ròyìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, ó ń fi ọwọ́ kan jẹun, ó ń fi ìkejì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ọmọ wọn obìnrin, àbíkẹ́yìn, tó ń múra ìdánwò àṣejáde, dá omi tó ń mu dúró.

“Bàbá mi, ṣé Olùdámọ̀ràn inú Ògiri Etí Odò?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́?”

Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Ìyá wo abọ́ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi tún ìwé yẹn kà.”

“Ìwé tí mo ti mọ̀ sórí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ?”

“Wọ́n ti bí mi nígbà yẹn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti pe gbogbo tíṣà lítíréṣọ̀ jọ sí gbọ̀ngàn ọ́fíìsì. Àga Ẹlẹ́nu-Oyin nìkan ló ní tìmùtìmù. Ó sọ fún wọn pé láti àkókò yìí lọ, àlàyé kan ṣoṣo ni ìjọba fọwọ́ sí lórí Ògiri Etí Odò: Olùdámọ̀ràn ni akọni ìtàn náà, ìgbọràn sí aṣáájú sì ni kókó inú rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ nǹkan mìíràn sínú ìdánwò, òdo. Tíṣà tó bá kọ́ ọmọ ní nǹkan mìíràn, òun náà á rí tirẹ̀.

Àwọn tíṣà ń wo bàtà ara wọn. Ìgbà náà ni obìnrin àgbà kan dìde láàárín, ó di ẹ̀yìn àga mú nítorí orúnkún rẹ̀ tí kò fara rọ. Ìyá Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ti fi ìwé náà kọ́ àwọn òbí, ó tún ti ń fi kọ́ ọmọ wọn.

“Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Ẹ wo bí Olùdámọ̀ràn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, kò fún wọn láyè dáhùn. Ó kọ́kọ́ pe bàbá wọn ní akọni, kò pẹ́ ó ní ẹ̀rù ń ba àwọn bàbá náà. Nígbà tó ń tù wọ́n lójú, ‘àwa’ ló ń wí, ‘ẹ jẹ́ ká’ ló ń wí. Nígbà tí iṣẹ́ dé, ó di ‘ẹ gbé dígà yín’. Òun wà lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí èèyàn lérò padà nìyẹn, òun la sì ń fi ìwé yìí kọ́ àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi irú rẹ̀ mú wọn.”

Ẹlẹ́nu-Oyin rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dìde, ó tẹ́ apá méjèèjì. “Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ àwọn olùkọ́. Ta ló sọ pé a kò mọ ìwé? Ṣé a fẹ́ máa bẹ̀rù ìwé ni? Àwa la ni ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣọ̀kan ṣe é. Ẹ padà sí kíláàsì yín, ẹ lọ kọ́ wọn bí mo ṣe wí. Mo wà lẹ́yìn yín.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò mọ̀ rárá. Àwọn tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rò pé omijé ló fẹ́ bọ́ lójú wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gbé Ìyá Tíṣà kúrò ní kíláàsì lítíréṣọ̀, wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú, òun àti orúnkún rẹ̀. Ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí pápá, á máa ka ìwé, á sì máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n sáré yí ká títí tí òun á fi parí orí kan.

Ìdánwò dé, ó lọ, èsì rẹ̀ jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ọmọ tí kò ṣí ìwé rí, tí ẹnì kan kàn sọ fún pé “akọni ni Olùdámọ̀ràn,” yege. Àwọn tó jókòó kà á, tí wọ́n sunkún ní ìparí rẹ̀, fìdí rẹmi rẹpẹtẹ. Àwọn òbí ń lu ọmọ, àwọn mìíràn ń gbé ọmọ lọ síbi àdúrà. Ilé ìwé gíga kò gba ẹni tí kò bá yege nínú lítíréṣọ̀ fún ẹ̀kọ́ òfin, òfin gan-an sì ni ọmọ Ẹlẹ́nu-Oyin ti ń sọ pé òun fẹ́ kà láti kékeré.

Òun náà fìdí rẹmi. Ó wọ pálọ̀ wá, ó sọ fún bàbá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jíṣẹ́ ẹlòmíràn.

“Àṣìṣe àwọn tó máàkì ni,” ni Ẹlẹ́nu-Oyin wí. “Kí lo kọ?”

“Ohun tó wà nínú ìwé, sà.”

Ọkùnrin náà nífẹ̀ẹ́ ọmọ yìí, ẹ gbà mí gbọ́. Òun ló máa ń gbé e kọ́ èjìká nígbà tó wà ní kékeré, tí á máa ké ọ̀rọ̀ Olùdámọ̀ràn sí i létí títí oorun á fi gbé e lọ. Ó fà á sún mọ́ra. “Má bínú. Lọ́la, mo máa ní kí wọ́n yí tìrẹ padà.”

“Tèmi nìkan?”

“Ìwọ nìkan lọmọ mi tó wà níbẹ̀.”

Ó rọra yọ ọwọ́ bàbá rẹ̀ kúrò léjìká. “Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, sà.” Láti ọjọ́ náà, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń kí i lálẹ́, ó ń kúnlẹ̀ dáadáa, kò sì bá a sọ nǹkan mìíràn. Ẹlẹ́nu-Oyin, tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún, ń jẹun nílé ara rẹ̀ bí àlejò.

Mínísítà ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni Mínísítà, tó máa ń tẹ́tí sílẹ̀ ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, èyí tó máa ń mú kí àwọn èèyàn sọ púpọ̀ fún un. Ó béèrè ohun tó fà á tí àwọn ọmọ fi fìdí rẹmi tó báyìí.

“Ọ̀lẹ, sà,” ni Ẹlẹ́nu-Oyin dáhùn. “Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ kàwé. Wọ́n ń fẹ́ àwòkọ́ṣe. Ẹ fún mi láyè, màá ṣe eré Ògiri Etí Odò níwájú yín àti níwájú gbogbo ìlú. Èmi fúnra mi ni màá ṣe Olùdámọ̀ràn.”

“Ó dáa,” ni Mínísítà wí. “Màá wá.”

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé eré náà sórí ìtàgé bí kò ṣe Ìyá Tíṣà. Wọ́n lọ gbé e wá láti etí pápá. Ó jókòó síwájú tábìlì Ẹlẹ́nu-Oyin, ó fi ọwọ́ lé orúnkún.

“Ọ̀gá, ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́, àbí apá kejì nìkan?”

Ó fún un láyè àtibọ́ níbẹ̀, ẹ ò rí i? Ìbéèrè kékeré báyìí. Ká ní ọkùnrin yìí sọ pé apá kejì nìkan, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn ńlá ń ṣe àbọ̀ eré ni?

“Gbogbo rẹ̀. Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.”

“Ẹ máa wá ṣe ìdánrawò pẹ̀lú wa, àbí?”

“Èmi? Ìdánrawò Ògiri Etí Odò?” Ó rẹ́rìn-ín títí, Igbákejì sì bá a rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. “Màmá, ẹ kàn sọ ibi tí mo máa dúró sí fún mi.”

Ìyá Tíṣà fún un ní ìwé eré náà. Ẹlẹ́nu-Oyin gbé e fún Igbákejì pé kó bá òun yẹ ìparí rẹ̀ wò, bóyá wọ́n ti tún un tẹ̀. Igbákejì gbé e lọ sílé, ó kà á títí dé òpin, òógùn bò ó. Ó wá wo ojú ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rántí ìgbéga tó ń retí.

“Báwo ni ìparí?”

“Ó dára gan-an, sà,” ni Igbákejì wí. “Gbogbo ìlú ló jáde wá bá yín. Ẹ̀yin lẹ wà lókè, àwọn wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bi léèrè gbogbo nǹkan.”

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mínísítà wà níwájú, àwọn òbí wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ tó fìdí rẹmi dúró lẹ́bàá ògiri, ọmọ Ẹlẹ́nu-Oyin wà láàárín wọn. Bàbá rẹ̀ ti rán aṣọ aláwọ̀ wúrà kan tó ń wọ́lẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré há òun láyà, kí ohùn òun má baà sọnù.

Apá kejì dé, ó bọ́ síta, ó sì sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká má ṣe ìlara: ó dára. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀, àwọn òṣèré gbé dígà wọn, òǹwòran pàtẹ́wọ́, ọmọ rẹ̀ pàápàá gbàgbé ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń bá a sọ ọ́. Ẹlẹ́nu-Oyin tẹrí ba, ó wọlé lọ sẹ́yìn aṣọ ìtàgé, ó jókòó, ó ń mu omi tútù. Igbákejì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Níta, òjò ń rọ̀ nínú eré, wọ́n ń mi páànù kí ó lè dún bí àrá, àwọn obìnrin ń ké pé omi ti dé. Ẹlẹ́nu-Oyin béèrè pé ta ló ń kó ẹrù tó ń pariwo báyìí.

Nígbà tó yá, wọ́n wá mú un gun àkàbà lọ sórí òrùlé onípákó kan tí wọ́n ti kàn dúró. Ó wo ìsàlẹ̀. “Ó ga dáadáa,” ló wí, inú rẹ̀ sì dùn. Wọ́n gbé àkàbà lọ, nítorí nínú eré, omi ti gbé àkàbà lọ.

Wọ́n ṣí aṣọ ìtàgé. Aṣọ aró gígùn tí àwọn òṣèré ń fì láti ìhín sí ọ̀hún ni omi. Ará ìlú dúró sínú rẹ̀ dé àyà, wọ́n gbójú sókè sí i.

“Olùdámọ̀ràn,” ni ọkùnrin kan ké, “ilé mi dà?”

Ẹlẹ́nu-Oyin rántí ohun tí Igbákejì sọ fún un. Ó tẹ́ apá. “Ilé rẹ wà lábẹ́ ìṣàkóso mi. Kò séwu.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Obìnrin kan nínú omi náà gbé ọwọ́ sórí: “Ẹrù ọjà mi ńkọ́?”

“Gbogbo nǹkan ló ń ṣàn dáadáa, ìyá mi. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Mínísítà yọ áńkáṣíìfù, ó fi nu ojú. Ẹlẹ́nu-Oyin rí i, ó rò pé ayọ̀ ni, ó gbé àyà síwájú. Àwọn òṣèré, tí wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí, di ẹ̀rín mọ́ra, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ. Bàbá arúgbó kan na ìka sókè sí i: “Ta ló ní ká wó ògiri?”

“Èmi ni. Èmi nìkan ni. Ẹ má gbé ìyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn.”

Ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, Igbákejì ti ki orí bọ inú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ débi pé irun rẹ̀ nìkan ló kù níta.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú omi yọ, wọ́n ń fi okùn fà á. Apẹja ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó ti ń kìlọ̀ fún ìlú láti apá kìíní tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyá Tíṣà ló ń ṣe Apẹja láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ láti ṣe ẹlòmíràn, torí Apẹja máa ń jókòó. Ó dé fìlà mọ́jú. Ó gbójú sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé:

“Àyè ẹnì kan ló kù nínú ọkọ̀ mi. Sọ pé o ṣì í, kí o wọlé.”

Nínú ìwé, Olùdámọ̀ràn á la ẹnu, iná á kú, eré á parí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onílítíréṣọ̀ ti ń jiyàn lé e lórí. Ọkùnrin tó ń tọ́jú iná ti gbé ọwọ́ lé ibi ìtẹ̀ iná, ó ń retí ẹnu Ẹlẹ́nu-Oyin.

Ẹnu náà kò là. Ó ti mọ ohùn yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbọ́ nínú gbogbo ohun tí ó sọ: “o.” Kì í ṣe “ẹ.” Kò sẹ́ni tó pè é ní “o” níta gbangba láti ìgbà tí irun ti hù ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ìyá Tíṣà rò pé ó ti gbàgbé ni. Ó tún un sọ kí ó lè ràn án lọ́wọ́: “Sọ pé o ṣì í.”

Ẹlẹ́nu-Oyin la ẹnu. Iná kú. Nínú òkùnkùn biribiri, ohùn rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kún gbogbo gbọ̀ngàn.

“Ta ni ò ń pè ní ‘o’? Ṣé torí pé mo gbé ọ lọ síbi eré ìdárayá lo ṣe fẹ́ dójú tì mí níwájú Mínísítà? Mi ò ṣì í. Ìwé wí báyìí, ìwé wí bọ́ọ̀hún, ìwé ló ni ọ́fíìsì ni? Àwọn ọmọ tó fìdí rẹmi yẹn, wọ́n kàwé, mo mọ̀ pé wọ́n kà á. Èmi ni mo ní kí wọ́n fún wọn ní òdo, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ìdánwò. Ọmọ bíbí inú mi wà níbẹ̀. Mi ò ṣì í. Mi ò ṣi nǹkankan rí.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ti àwọn ọmọ, ẹ̀rín náà dá. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin oníná fi sáré tan iná padà láìsí ẹni tó ní kó tàn án. Ẹlẹ́nu-Oyin wà lórí òrùlé, ó ń na ìka sí obìnrin àgbà kan tó jókòó nínú ọkọ̀ pákó, tó ti ṣí fìlà rẹ̀.

Mínísítà dìde. “Màmá, ṣé ohun tó sọ yìí wà nínú ìwé?”

“Rárá, sà. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ.”

“Ó dáa,” ni Mínísítà wí. “Àwa ti wá mọ̀ báyìí.” Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀ sápò, ó jáde.

Àwọn èèyàn tẹ̀ lé e. Àwọn òṣèré ká omi wọn, wọ́n gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó wo òkè. Igbákejì ti bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ lọ, níta ló sì ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń gba ọ̀gá òun níyànjú pé kó kàwé. Ẹlẹ́nu-Oyin jókòó sórí òrùlé, aṣọ wúrà rẹ̀ kọ́ sí ìṣó kan, ẹ̀rọ àyà rẹ̀ sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń mú kí èémí rẹ̀ dún káàkiri gbọ̀ngàn òfìfo.

Ọmọ rẹ̀ ló wọ́ àkàbà wá. Ó gbé e ti òrùlé, ó di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú. “Ẹ rọra, Bàbá mi. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì síwájú.”

Wọ́n gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi pinnu, gbogbo wa la sì mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Wọ́n ní kí àwọn tíṣà tún ìwé ìdánwò gbogbo àwọn ọmọ máàkì láti ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Tíṣà sì ni olórí wọn. Ó gba iṣẹ́ náà, ó ní kí wọ́n kàn fún òun ní yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn.

Ní ilé, ọkùnrin náà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àárọ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun gbé garawa omi wá, ó sì gbé e. Nígbà tí ilé wá dákẹ́ jù fún un, ó lọ mú Ògiri Etí Odò lórí tábìlì ọmọ rẹ̀, ó jókòó sí fàrándà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá kìíní. Kò yára. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà bíi ti ọmọdé. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó parí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ bá a níbẹ̀, ìwé ti pa dé lórí itan rẹ̀, ó ń wo ojú títì tí kò sẹ́ni tó ń kọjá.

Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, bàbá rẹ̀ dá a dúró.

“Ìbéèrè tí wọ́n bi yín nípa Olùdámọ̀ràn. Kí lo kọ?”

Ọmọ náà wò ó bóyá ìjà ló fẹ́. Kò rí ìjà lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn fàrándà.

“Mo kọ pé kì í ṣe èèyàn burúkú, sà. Mo ní ó gba ara rẹ̀ gbọ́ ni. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un fún ìgbà pípẹ́, kò gbọ́ ariwo omi mọ́.”

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ìwé náà. “Wọ́n ti tún un máàkì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìyá Tíṣà ló máàkì tèmi. Méjìdínlógún nínú ogún.”

“Kí ló dé tí wọ́n fi yọ méjì?”

Ó ń fi èékánná họ pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ gbígbẹ kúrò létí àtẹ̀gùn, kò gbójú sókè.

“Wọ́n ní àánú rẹ̀ ṣe mí jù.”